Orin Ẹ̀rọ ní Bàrígà ní Ọdún 2012

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti ń fi orin pa ìtàn mọ́. Bí ogun bá jà, wọ́n a kọrin rẹ̀. Bí ìyàn bá mú, wọ́n a kọrin rẹ̀. Bí ọba kan bá sì hu ìwà tí kò tọ́, àwọn obìnrin ilé a máa fi orin bá a wí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọdún kan ti rí gan-an kò gbọdọ̀ ka ìwé ìròyìn ọdún náà nìkan. Ó yẹ kí ó tẹ́tí sí orin tí àwọn ènìyàn ń jó sí nígbà náà pẹ̀lú, àní bí orin náà kò tilẹ̀ dárúkọ ìjọba rárá. Àwọn àgbà ní, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọdún 2012 jẹ́ ọdún wàhálà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún náà gan-an ni orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Ṣómólú àti Bàrígà, ní ìlú Èkó, gba ìgboro kan. Bí a bá tún orin ọdún náà gbọ́ lónìí pẹ̀lú ìmọ̀ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ epo, ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ orin ti so mọ́ ara wọn.

Àdúgbò Náà

Ṣómólú àti Bàrígà kò jìnnà sí Yábàá. Títì Ìkòròdú gba ìhà ìwọ̀-oòrùn wọn kọjá, ọ̀sà sì wà ní ìhà ìlà-oòrùn. Ilé ibẹ̀ fún mọ́ra wọn, òpópó ibẹ̀ kò fẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì ń gbé nínú yàrá kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n àdúgbò iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣómólú lókìkí káàkiri Nàìjíríà nítorí iṣẹ́ ìwé títẹ̀: ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé àdúrà àti ìwé ìpolówó orin, ibẹ̀ ni a ti ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Bàrígà ni CMS Grammar School wà láti ọdún 1959, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859, tí ó sì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní Akọka, lẹ́bàá Bàrígà, ni Yunifásítì Èkó wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Báyìí ni ìwé, ẹ̀rọ àti ìṣẹ́ ṣe ń gbé pọ̀ ní àdúgbò kan náà.

Ohun Tí Orin Ẹ̀rọ Jẹ́

Bí onílù bá fi ọ̀pá lu gángan, awọ yóò gbọ̀n, afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká yóò gbọ̀n, etí yóò sì gbọ́ ohùn. Nínú orin ẹ̀rọ, iná mànàmáná ni ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n nínú wáyà; òun ni yóò wá mi ẹ̀rọ agbóhùnjáde, tí afẹ́fẹ́ yóò fi gbọ̀n tí etí yóò fi gbọ́. Kọ̀ǹpútà tún ṣe ju èyí lọ, nítorí pé ó lè sọ ohùn di nọ́ńbà. Lórí àwo síídì, a ń wọn ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nígbà tí ohùn bá ti di nọ́ńbà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè gé e, kí ó tún un lẹ̀, kí ó fà á gùn, kí ó sọ ọ́ di kíkẹ́ tàbí bíbú, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ti ń ṣe aṣọ.

Àwọn kan rò pé ọwọ́ òyìnbó nìkan ni orin irú èyí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì kan tí ń jẹ́ Halim El-Dabh gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sórí wáyà lọ sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe ètùtù ìwòsàn tí a ń pè ní zaar ní ìlú Káírò. Ó gba orin wọn sílẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, ó sì yí ohùn náà padà títí ó fi di ohun tí etí kò gbọ́ rí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọdún 1948, ni Pierre Schaeffer bẹ̀rẹ̀ sí fi ariwo ọkọ̀ ojú irin ṣe orin ní Párísì. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Roland ní ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ ìlù kan jáde, TR-808, tí ó ń lu ìlù láìsí awọ àti láìsí onílù.

Ní Nàìjíríà, William Onyeabor ní Enugu fi dùùrù oníná ṣe àwo púpọ̀ láàárín ọdún 1977 sí 1985. Ọba olórin jùjú, King Sunny Adé, fi ẹ̀rọ ìlù kún gángan àti gìtá nínú àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Aura ní ọdún 1984. Ọdún wàhálà ni 1984 náà: ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 ni àwọn ológun gba ìjọba, kí ọdún 1984 sì tó parí ni a rán Fẹlá Aníkúlápó-Kútì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà náà owó ẹ̀rọ orin pọ̀ jù fún ọmọ mẹ̀kúnnù. Olórin ńlá tí ó ní ilé-iṣẹ́ àwo lẹ́yìn nìkan ni ó lè fọwọ́ kàn án.

Bí Ẹ̀rọ Ti Dé Ọwọ́ Ọmọ Mẹ̀kúnnù

Kọ̀ǹpútà ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní nǹkan bí ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní FruityLoops. Ẹni tí ó bá ní ètò yìí lè jókòó sínú yàrá kan, kí ó to ìlù, kí ó to agogo, kí ó to fèrè, kí ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ènìyàn mẹ́wàá ni ó ń lù ú. Kò pẹ́ kí ó tó tàn dé Èkó. Ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kò lè ra dùùrù fún ní àǹfààní láti dán ohùn titun wò. Ó dà bí òwe àwọn àgbà: bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Àdúgbò Ṣómólú àti Bàrígà jẹ nínú àǹfààní yìí. Níbẹ̀ ni 9ice, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dàgbà sí. Ní ọdún 2008 ó gbé àwo Gongo Aso jáde, orin tí ó kún fún òwe Yorùbá lórí ìlù tí ID Cabasa fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ní Bàrígà bákan náà ni a ti bí Olamide Adedeji ní ọdún 1989. Ọ̀dọ̀ ID Cabasa ni òun náà ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà, ó sì gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, jáde ní ọdún 2011. Orin tí ó ń ṣe jẹ́ irú èyí tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ kíákíá kọ lé ìlù lórí, tí a ń pè ní ráàpù. Èdè Yorùbá ni ó fi ń ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀: Yorùbá ìgboro, Yorùbá ọmọ Bàrígà, tí ó ní òwe nínú, tí ó sì ní àwàdà nínú.

Ọdún 2012 Àti Ọ̀rọ̀ Epo

Ọjọ́ kìíní ọdún náà gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2012, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé òun ti yọ owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù. Láti náírà 65 ni iye owó lítà kan fi fò sókè sí 141 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n lọ sí ìlú wọn fún ọdún Kérésìmesì kò mọ iye tí wọn yóò fi padà sí Èkó. Owó ọkọ̀ gbówó lórí, oúnjẹ náà sì gbówó lórí.

Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì káàkiri Nàìjíríà. Ní Èkó, ibi tí èrò pọ̀ sí jù ni ọgbà Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta. Títì Ìkòròdú tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣómólú kọjá ni ó lọ tààrà sí ibẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti olórin péjọ pọ̀. Fẹ́mi Kútì àti Ṣeun Kútì, àwọn ọmọ Fẹlá, wà lára àwọn olórin tí ó dé ibẹ̀. Ní àwọn ìlú kan, ẹ̀mí ṣòfò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní, ìjọba dín iye owó náà kù sí náírà 97, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá ìyanṣẹ́lódì dúró, a sì kó àwọn sójà sí ojú pópó Èkó kí àwọn ènìyàn má bàa tún péjọ.

Wàhálà kejì sún mọ́ Bàrígà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ kéde pé a ti sọ Yunifásítì Èkó di Yunifásítì Moshood Abíọ́lá. Abíọ́lá ni ó borí nínú ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993 tí àwọn ológun fagi lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí títì láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé àwọn kò kórìíra Abíọ́lá, ṣùgbọ́n pé kò sí ẹni tí ó bi àwọn léèrè kí a tó yí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn padà. Orúkọ titun náà kò dúró.

Ohun Tí Epo Fi Kan Orin

Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé, kí ni ọ̀rọ̀ epo fi kan ọ̀rọ̀ orin? Gángan kò nílò epo. Onísákárà lè jókòó sábẹ́ igi ní ọ̀gànjọ́ òru kí ó lu ìlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan láìsí iná, iná ìjọba kì í sì í dúró ní Èkó. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀. Ní àwọn àdúgbò bí Bàrígà, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn ni kékeré kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tí a ń po epo bẹntiróòlù mọ́ ọ́ìlì fún. Àwọn ará ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé, “Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ.”

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí olórin kan bá ń lo lítà epo mẹ́wàá láti fi ṣe iṣẹ́, náírà 650 ni ó ń san ní òpin ọdún 2011. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2012, ó di 1,410. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, ó di 970. Ẹni tí ó ní owó kò ní ka èyí sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra epo láti fi kọ́ iṣẹ́ orin yóò mọ̀ ọ́n lára. Wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ fi ṣiṣẹ́ ni wákàtí tí ó fi lè dán ohùn titun wò. Bí epo bá tán, ìdánwò tán nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń pariwo ní Ọjọ́ta nítorí náírà 76 tí a fi kún iye lítà kan, ọ̀rọ̀ ilé-orin inú yàrá ní Bàrígà wà nínú ariwo náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yani lẹ́nu. Ẹ̀rọ tí ń tún ohùn akọrin ṣe, tí a ń pè ní Auto-Tune, tí ọ̀pọ̀ olórin Èkó ń lò, láti inú iṣẹ́ epo ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá. Andy Hildebrand, ẹni tí ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997, ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ń wá epo. Wọ́n a máa rán ìró sínú ilẹ̀, wọn a sì fi ìró tí ó bá padà wá mọ ibi tí epo wà. Ìṣirò tí ó kọ́ nínú iṣẹ́ náà ni ó lò láti mọ ohùn tí ó yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí ó sì dá a padà.

Àwo Tí Ó Jáde Ní Òpin Ọdún Náà

Ní ọdún 2012 kan náà, Olamide dá ilé-iṣẹ́ orin tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní YBNL. Ní oṣù Kọkànlá, ó gbé àwo rẹ̀ kejì jáde, ó sì fi orúkọ yìí pè é. Lára àwọn tí ó fi kọ̀ǹpútà ṣe ìlù rẹ̀ ni ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Pheelz, tí òkìkí rẹ̀ kàn láti ìgbà náà. Àwo náà kì í ṣe ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba. Orin ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, orin ijó wà nínú rẹ̀, orin ìyangàn pẹ̀lú sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ bí ọmọ tí kò ní baba ìsàlẹ̀ ti ń sọ fún ìlú ńlá pé òun náà wà.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá fiyè sí jù ni bí èdè náà ti bá ẹ̀rọ lò. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ohùn ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn nínú èdè Yorùbá: ọkọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ́ sì yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ Kristẹni ìgbà àtijọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ dàrú, nítorí pé orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Ráàpù kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ó wà láàárín orin àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ohùn ọ̀rọ̀ náà dúró ní ipò rẹ̀, ìlù ẹ̀rọ sì ń lọ ní abẹ́ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìjálá àwọn ọdẹ, ẹ̀sà àwọn eégún àti rárà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí: wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, wọn kì í sì í ṣe orin pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, ti gbé ìwé ńlá jáde lórí ìjálá ní ọdún 1966. Ẹni tí ó bá ti mọ ìjálá, tí ó sì wá gbọ́ orin ọmọ Bàrígà, yóò mọ̀ pé ọmọ náà kò jìnnà sí ilé bí ó ti dà bí ẹni pé ó jìnnà sí i. Ẹ̀rọ wá láti Bẹ́ljíọ̀mù àti Japan; ọgbọ́n ọ̀rọ̀ wá láti ilé.

Ohun Tí Àwọn Àgbà Sọ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn orin yìí. Àwọn kan sọ pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílù, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó ní onílù mẹ́wàá ń fi iṣẹ́ náà bọ́ ìdílé mẹ́wàá. Àwọn mìíràn sọ pé ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Orúkọ YBNL gan-an jẹ́ ìkékúrú fún Yahoo Boy No Laptop, ó sì ń tọ́ka sí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà lu ènìyàn ní jìbìtì. Bí àwàdà tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, orúkọ tí ó yẹ kí a fi yangàn kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n lè yin bí a ti lu ìlù kan, kí ó sì kọ ohun tí a wí lórí rẹ̀. Bí a bá ń jẹ ẹja, a máa ń yọ egungun rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò dára kí a da gbogbo rẹ̀ nù nítorí egungun. Láìsí ẹ̀rọ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ní àdúgbò wọ̀nyí ì bá má rí ọ̀nà kankan gbà sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn.

Ìparí

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba mìíràn tún kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye owó lítà kan kọjá náírà 480 ní Èkó. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé ní ọdún 2012 ti di àgbà, iye tí wọ́n ń jà lé lórí nígbà náà sì ti dà bí àlá.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo èyí ni pé orin kì í dá wà. Lẹ́yìn ìlù tí ó mú ẹsẹ̀ jó, iná wà níbẹ̀. Lẹ́yìn iná, epo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn epo, ìjọba àti àwọn tí a ń ṣe ìjọba lé lórí wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá sì tún gbọ́ orin Bàrígà ti ọdún 2012, ó yẹ kí a rántí ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ògiri, tí a kò gbà sórí àwo, ṣùgbọ́n tí àwo náà kò lè wà láìsí i.

Ìbéèrè

1. Báwo ni ohùn gángan ṣe yàtọ̀ sí ohùn orin ẹ̀rọ nínú bí a ti ń ṣe é?
2. Ta ni ó fi ohùn orin ètùtù ṣe orin ẹ̀rọ ní Káírò, ní ọdún wo sì ni?
3. Bí olórin kan bá ń lo lítà epo mẹ́rin lójoojúmọ́, èló ni yóò ná ní ọjọ́ márùn-ún nígbà tí lítà kan jẹ́ náírà 65? Èló ni nígbà tí ó jẹ́ náírà 97?
4. Kí ni ìdí tí ráàpù fi bá ohùn èdè Yorùbá mu ju àwọn orin mìíràn lọ?
5. Ṣàlàyé òwe yìí bí a ti lò ó nínú ẹ̀kọ́ yìí: “Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.”
6. Kọ àròkọ lórí orin kan tí ó gbajúmọ̀ ní àdúgbò rẹ, kí o sì sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú ní ọdún tí orin náà jáde.